Fáànù ò gbọ́ràn mọ́ látìgbà tí mo ti so servo mọ́ Arduino

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Láfẹ́nwá níbí ni mo ti ń sin adìyẹ. Mo fi Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, ṣe ẹ̀rọ tó ń bá mi sàba lé ẹyin. Pin 9, ọ̀kan nínú ojú tí a ń so wáyà mọ́ lórí rẹ̀, ni mo so fáànù mọ́, àṣẹ analogWrite, tó ń gba nọ́ńbà láti 0 dé 255, ni mo sì fi ń dín eré rẹ̀ kù. Ó ń ṣe dáadáa. Ìgbà tí mo fi servo, mọ́tò kékeré tí apá rẹ̀ ń yí síbi tí a bá fẹ́, kún un lórí pin 6, kó lè máa yí ẹyin, ni wàhálà dé. Bí mo bá kọ 255, fáànù á sáré. Bí mo bá kọ 120, á dúró gbagidi. Servo náà ń gbọ̀n. Ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún mi ní ó ti jó. Ṣé kí n ra òmíràn? Mo ti fi kóòdù mi ránṣẹ́ sí yín.

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o. Bọ́ọ̀dù yín ò jó. Ká ní pin 9 ti jó ni, fáànù ò ní dá 255 pàápàá lóhùn.

Iṣẹ́ méjì ló ń jà du aago kan. Nínú ATmega328P, ìyẹn ṣípù tó wà lórí Uno, timer mẹ́ta péré ló wà. Bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ láìsinmi ni timer rí: Timer0 àti Timer2 lè kà dé 255, Timer1 lè kà dé 65535. Tí ẹ bá kọ analogWrite(9, 120), iná pin náà ò lọ sílẹ̀ rárá. Timer1 ló ń tàn án tó ń pa á, bí ìgbà 490 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe pẹ́ ní títàn tó ni fáànù ṣe ń sáré tó. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti so pin mọ́ timer: 5 àti 6 jẹ́ ti Timer0, 9 àti 10 ti Timer1, 3 àti 11 ti Timer2. Kóòdù kankan ò lè yí ìyẹn padà.

Timer1 yìí gan-an ni library Servo, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti fi darí servo, gbà mọ́ra. Servo ń fẹ́ kí iná kan òun lẹ́ẹ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 20, kó sì wà fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 1 sí 2. Gígùn yẹn ló ń sọ ibi tí apá rẹ̀ máa yí sí. Library náà wá yí bí Timer1 ṣe ń kà padà. Bí ẹ bá kọ 120, timer á pa pin 9, kò sì ní sí ohun tó máa tún un tàn. Ibi tí 120 yẹn bọ́ sí gan-an ni library ń kọ àkókò servo sí, ló fi ń gbọ̀n. 255 àti 0 ò kan timer. Ńṣe ni wọ́n kàn ń tan pin tàbí pa á. Mo pààrọ̀ transístọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí irú iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀ kí n tó mọ̀ pé wáyà ò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ gbé fáànù sí pin 3, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ nínú kóòdù. Servo lè dúró sí 6, torí kóòdù ló ń tan pin tiẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ fi tone() ké ìkìlọ̀, Timer2 nìyẹn máa lò, á da pin 3 rú. Kí fáànù bọ́ sí 5 nígbà náà. Ẹ má fọwọ́ kan ètò Timer0, òun ni millis() àti delay(), àwọn àṣẹ tó ń ka àkókò, gbójú lé.

Ohun tí ẹ ò béèrè ló ń dùn mí jù. Nínú kóòdù yín, ẹ kọ wákàtí mẹ́rin tí servo máa dúró kó tó tún yí ẹyin báyìí: unsigned long akoko = 4 * 60 * 60 * 1000. Nọ́ńbà int lórí Uno ò kọjá 32767, ìṣirò yẹn sì kún àkúnya, ó di -17920. Bó bá bọ́ sínú unsigned long, irú nọ́ńbà ńlá tí kò mọ òdì, ó di mílísẹ́kọ́ǹdì 4294949376, ìyẹn ọjọ́ 49 ó lé díẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa! Ẹ kọ 4UL * 60 * 60 * 1000, kí ìṣirò náà lè jẹ́ ti unsigned long láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iná ìjọba ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó dé ni millis() ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí iná bá ń lọ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ò ní pé láé, ọmọ inú ẹyin á sì lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ jẹ́ kí servo yí ẹyin lẹ́ẹ̀kan nínú setup(), apá kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí iná bá ti dé. Bí owó bá wà, ẹ fi DS3231 kún un. Aago tó ní bátìrì tirẹ̀ ni, yóò máa ka ọjọ́ lọ bí iná tilẹ̀ lọ, òun náà lẹ ó sì fi mọ ọjọ́ 18, tí ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ yíyí ẹyin dúró.