Èsì: Yàrá àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ ná

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹ máa ń gbá pálọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tún rí wúruwùru. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ná. Yàrá àwọn ọmọ ni ẹrù yẹn ti ń wá.

1. Ẹ kó gbogbo aṣọ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí kò bá gba wọ́n mọ́, ẹ dì í sínú Ghana-must-go, kó kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá fi lè sùn mọ́jú, ó ti di ẹrù ilé nìyẹn.
2. Báàfù oníke kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún ohun ìṣeré.
3. Ẹ kan ìṣó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tọ́wọ́ wọn tó, fún báàgì ilé ìwé.

Ìṣó yẹn ló ṣiṣẹ́ jù nílé mi. A ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kò tó ibi ìfaṣọkọ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń ju gbogbo ẹ̀ sí.

Ìyẹn tí wọ́n bá ní yàrá tiwọn o. Tó bá jẹ́ pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹ wá àpótí tó ṣeé tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹní àti pílò wọ ibẹ̀ kí wọ́n tó fọ ẹnu.

Ní ti kíṣìnnì, ike òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tí kò bá ti ní ìdérí, ẹ dà á nù. Ẹ má wojú ìyá ọkọ.