Wúrà Ìjẹ̀ṣà àti owó inú fóònù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí pé wúrà pọ̀ nílẹ̀ wa, kí ló dé tí oníṣòwò kékeré ò rówó yá ní báńkì, àbí fóònù ló máa ṣe é?

Lójú tèmi, wúrà nìkan ò lè ṣe é. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti fi ohun àlùmọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì wa wúrà létí odò ńkọ́? Owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún un, kò gba inú ìwé kankan kọjá. Báńkì ò mọ̀ ọ́n rí, báwo ló ṣe máa yá a lówó?

Ibi tí fóònù ti wúlò nìyẹn. Àǹtí mi kan ń ta ata lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà. Tẹ́lẹ̀, inú agolo mílíìkì lowó rẹ̀ ń gbé. Ní báyìí, oníbàárà ń fi owó ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ayánilówó ń wò. Ní Kẹ́ńyà, M-Pesa ti ń gbé owó kiri lórí fóònù láti 2007.

Àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ wá wo ojú àǹtí mi! Agolo mílíìkì yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀gbọ́n.