Kí ni àwọn ọmọ Róòmù ń pè nígbà tí wọ́n bá ju owó idẹ sókè?

Ìbéèrè: Kí ni ìtumọ̀ "capita aut navia"? Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú omi fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà?

Ìdáhùn: "Orí tàbí ọkọ̀" ni. Ohun tó wà lára owó gan-an ni wọ́n ń pè. Ní ojú owó idẹ tó ń jẹ́ "as", ẹ ó rí orí Janus, òrìṣà ẹnu ọ̀nà àti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan, tí oṣù Jánúárì gba orúkọ rẹ̀. Irùngbọ̀n kún ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ń wo ọ̀tún, èkejì ń wo òsì. Ẹ yí i padà, imú ọkọ̀ ogun ló wà lẹ́yìn.

Macrobius, òǹkọ̀wé Róòmù kan, ní òrìṣà Saturn ló fi ọkọ̀ gúnlẹ̀ sílẹ̀ Janus, ni Janus bá ya ọkọ̀ sára owó láti fi bọlá fún àlejò rẹ̀. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ní tèmi, ogun ló fà á: Róòmù ṣẹ́gun Carthage, ìlú ọ̀tá rẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà, lójú omi lọ́dún 241 ṣáájú ìbí Kristi, owó yìí sì jáde ní nǹkan bí ọdún 225.

As ti ìgbà náà kò ṣeé jù sókè o! Ó wọn nǹkan bí 270 gíráàmù. Ńṣe ni wọ́n ń yọ́ idẹ dà á. Ogun tí Róòmù bá Hannibal, ọ̀gágun Carthage, jà ló sọ ọ́ di fífúyẹ́: ní nǹkan bí ọdún 211, ó ti wálẹ̀ sí bíi 54 gíráàmù, òòlù ni wọ́n sì fi ń lu àwòrán sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Uncia 12 ló wà nínú as kan. Owó tó jẹ́ uncia méjì nígbà àkọ́kọ́ wọn bíi 45 gíráàmù, ó sì fẹ́ẹ̀ bá odidi as ti ọdún 211 dọ́gba. Ẹni tó bá gbé e sórí òṣùwọ̀n nìkan á pe ọmọ ní bàbá. Òrìṣà ni kẹ́ ẹ wò, torí ọkọ̀ yẹn wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Mercury tó dé fìlà abìyẹ́ ní àmì róbótó méjì, ìyẹn uncia méjì. Hercules tó fi awọ kìnnìún borí ní mẹ́ta, Minerva ní mẹ́rin. Roma, òrìṣà ìlú Róòmù, ní ẹyọ kan péré. Ti Saturn kò ní àmì róbótó. Lẹ́tà S ló wà lára rẹ̀, ìdajì as ló sì jẹ́, nítorí náà ó ju ti Minerva lọ. Bí àmì bá ti parẹ́, ẹ wá ojú méjì Janus: kò sí lára èyíkéyìí nínú àwọn kékeré wọ̀nyí.