Akọ àgbọ̀nrín tó pòórá lójú kámẹ́rà nínú oṣù kọkànlá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ọdẹ. Ohio ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, mo ti gba láísẹ́ńsì, àkàtàǹpó ni mo fi ń dẹ àgbọ̀nrín onírù funfun. Látinú oṣù kẹwàá ni kámẹ́rà mi ti ń ya akọ ńlá kan níbi tó ń fẹsẹ̀ walẹ̀ sí, àmọ́ òru nìkan ló ń wá. Ní báyìí tá a wọ oṣù kọkànlá, mi ò rí i mọ́ rárá. Ṣé ó ti sá kúrò ládùúgbò ni?

Ìdáhùn: Bọ̀ọ̀dá mi, kò sá lọ síbì kankan jàre, obìnrin ló ń lé kiri. Ibi tó ń walẹ̀ sí yẹn, òru ni wọ́n sábà máa ń wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí àwọn abo bá ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba akọ, ìyẹn àárín oṣù kọkànlá, wọ́n á pa á tì. Bí ojúmọmọ ṣe ń kúrú ló ń mú àsìkò yẹn wá, kì í ṣe òtútù, kì í ṣe òṣùpá, báwọn èèyàn ṣe ń jiyàn ẹ̀ tó. Àgbọ̀nrín ilé wa ò rí bẹ́ẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn làwọn ń gùn.

Abo kan, bí ọjọ́ kan sí méjì péré ló fi ń gbà, tí kò bá lóyún ó di bí ọjọ́ 28 kó tó tún gbà, ìdí nìyẹn tí akọ tó bá ti rí ọ̀kan fi máa ń bá a lúgọ sínú igbó kékeré kan tẹ́nikẹ́ni ò ní fọkàn sí, ẹ̀yin á wá rò pé igbó ti ṣófo. Tó bá ti ṣe tán, ó tún di kó máa wá òmíràn kiri, ọ̀sán gangan sì lè bá a lójú ọ̀nà, kò tiẹ̀ rántí oúnjẹ mọ́.

Torí náà, ẹ fi akọ yẹn sílẹ̀, abo ni kẹ́ ẹ máa wá. Níbi tí wọ́n ń sùn sí, ẹ wo apá tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn wọn lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni akọ máa ń gbà kọjá, á gbé imú sókè, tó bá débi tí abo tọ̀ sí, ẹ ó rí i tó máa ká ètè òkè bí ẹni ń yínmú síyàn. Ẹ wá dègùn, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ gun igi lúgọ dè é, síwájú ibẹ̀ díẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí òórùn tiyín má baà lọ bá a. Àtíkè díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọ́n sáfẹ́fẹ́ á fi ibi tó ń fẹ́ lọ hàn yín. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́wàá bí gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ sì so okùn mọ́ra kẹ́sẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀ o. Tó bá ń kánjú kọjá, ẹ fẹnu ké "mèé", ó sábà máa ń dúró.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì orí bíi tàwọn ọdẹ ilé, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ lòfin Ohio fàyè gbà. Tẹ́ ẹ bá sì ti pa á, irun dúdú tó ń rùn nínú oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ọ̀bẹ tó bá kàn án, ẹ má fi gé ẹran, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ tó ń rùn bí ìtọ̀.