Sẹ́ẹ̀lì glia wo ló ń ṣe ìbòrí fọ́nrán iṣan nínú ọpọlọ?

Oligodendrocyte ni sẹ́ẹ̀lì glia (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ran sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ lọ́wọ́) tó ń ṣe myelin, ìyẹn ìbòrí ọlọ́ràá tó ń wé mọ́ fọ́nrán iṣan inú ọpọlọ, okùn tín-ínrín tó ń gbé ìsọfúnni. Ẹyọ kan lè na apá sí ọ̀pọ̀ fọ́nrán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wé mọ́ wọn ní ìpele-ìpele bí ẹni ń wé láwàní. Àlàfo kéékèèké wà láàárín ìbòrí kan àti èkejì. Láti àlàfo dé àlàfo ni iná tó ń gbé ìsọfúnni ti ń fò, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Bí myelin bá bàjẹ́, microglia, irú sẹ́ẹ̀lì glia mìíràn, ló ń kó àfọ́kù rẹ̀ kúrò. Kì í ṣe gbogbo fọ́nrán ló ní ìbòrí yìí o. Ní òde ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀lì Schwann ló ń ṣe é.