Ọ̀rá ikùn kì í jókòó lásán: ohun tí ojú télọ̀ rí ní Kàbà

Ọkun o, àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìsánlú. O ní nọ́ọ̀sì sọ fún màmá yín pé ọ̀rá inú ikùn ń da họ́mọ́ònù sínú ẹ̀jẹ̀, pé ó lè fa rọpárọsẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá ó kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n ni. Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀tún kò tíì padà sípò tán.

Télọ̀ ni mí ní Kàbà. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń lọ́ téèpù mọ́ àwọn èèyàn nídìí. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú lásán ni mo fi ń mọ iye ínṣì rẹ̀. Tèmi ni n kò wọ̀n. Ṣòkòtò 38 ni mo ń wọ̀, mo sì ń fi yangàn. Ẹ̀tàn gbáà! Àwa ọkùnrin oníkùn, abẹ́ ikùn la máa ń so bẹ́líìtì mọ́, ṣòkòtò kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè òun. Ọjọ́ tí wọ́n lọ́ téèpù mọ́ mi níkùn ní ọsibítù, ínṣì 46 ni, èmi tí n kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 7 lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, òwú ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi; ohun tó jáde lẹ́nu mi kò yé e, kò yé èmi náà. Ẹnu ti wọ́. Wọ́n ní wọ́n ta mí ní nǹkan ni. Wọ́n fi àdí ra mí, wọ́n gbàdúrà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó gbé mi gba títì kọnkéré Ọbájànà lọ sí Lókọ́ja. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí òpójẹ̀ inú ọpọlọ. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ọ, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí kọ́kọ́, kí wọ́n sì fúnni láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ tí rọpárọsẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀. Wákàtí tèmi, àdí ló mu ún. Ìyẹn ṣì ń dùn mí ju ọwọ́ lọ.

Mo bi í pé kí ló kan ọ̀rá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Lójú tèmi, àká lásán ni ọ̀rá. Ó ní àká ni lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń gbénú àká náà ń ránṣẹ́ kiri ara; àwọn ìránṣẹ́ wọn ni họ́mọ́ònù tí nọ́ọ̀sì wí. Ọdún 1994 ni wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà nílùú New York, wọ́n pè é ní leptin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílé. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, á pariwo títí ọpọlọ á fi kọ etí dídi sí i, ebi ò ní yéé pani. Síbẹ̀ ariwo kan náà ń ta àwọn iṣan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru jí. Èyí tó dára nínú wọn ni adiponectin, tó ń jẹ́ kí òpójẹ̀ dẹ̀ kó sì fẹ̀. Ọ̀rá náà ló ń ṣe é, àmọ́ bí ikùn ṣe ń ga ni eléyìí ń dín kù. Àwọn mìíràn ń mú kí inú òpójẹ̀ máa gbiná bí egbò. Èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni PAI-1. Ara wa ní ohun tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó bá dì. PAI-1 ló ń dì í lọ́wọ́. Bí ẹni gbé abẹ tí mo fi ń tú aṣọ pamọ́, lọ́jọ́ tí mo rán apá mọ́ ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rá tó yí ìfun ká ló burú jù o, ti ìdí àti itan kò le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà má kàn wo màmá kó o ní wọ́n sanra. Ní kí wọ́n tú ìró, kí wọ́n mí síta, kó o wọ̀n wọ́n láàárín ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí. Kò yẹ kó ju ìdajì gíga wọn lọ.

Tèmi ti di 39 lẹ́yìn ọdún méjì. Mo yọwọ́ nínú mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò, mo ń fẹsẹ̀ rìn ní ìdájí lójú ọ̀nà Ìyàrà, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Iyán? Ọmọ Okun ni mí, n kò fi sílẹ̀. Mo dín in kù, n kì í jẹ ẹ́ lálẹ́ mọ́. Àwọn oníbàárà ń bèèrè bóyá àìsàn ló ń ṣe mí tí mo fi rù. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tó jẹ́ 190/110 nígbà náà, ti wá sí bíi 130/80, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lo oògùn, kí màmá má ṣe fi ìrìn rọ́pò tiwọn. Bàbá mi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ìgbálẹ̀, rọpárọsẹ̀ náà ló pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò dúró de oníkùn nìkan.

Bí ẹnu wọn bá wọ́ lójijì, tí ọwọ́ kan kú tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn lọ́, ọsibítù ní kíá, má wá àdí. Yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ àdúgbò yín lọ́la, kó o wá sọ iye tó bá jẹ́ fún mi.