Láìsẹ́ǹsì ti wà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀

Ẹ kú àníyàn ọmọ o, Mọ́mì. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin ti pé ọdún 18, ó ti gba láìsẹ́ǹsì, ó wá ń tọrọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kó lè máa dá wà á lọ sílé ìwé. Ẹ má fi du ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ ní láti jókòó tì í fún oṣù bíi mélòó kan. Ìwé yẹn jẹ́rìí pé ó mọ ọkọ̀ wà. Kò jẹ́rìí pé ojú rẹ̀ ti là sí títì.

Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ tèmi ní Òṣogbo níbí, ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni pé mo ní kí wọ́n máa fẹnu sọ gbogbo ohun tí ojú wọn bá ń rí bí a ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ kan, lẹ́bàá Ọláìyá, àbígbẹ̀yìn mi ń wakọ̀, ó ń sọ pé, "Dádì, kòròpe dúró níwájú, èrò ń sọ̀. Ọ̀kadà ń bọ̀ lápá òsì mi." Mo ní, "Kí ló tún kù?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo rí ẹsẹ̀ kékeré lábẹ́ kòròpe yẹn." Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti tẹ bíréèkì. Ọmọ aláṣọ ilé ìwé kan ló yọ láti iwájú kòròpe, tó sáré gba iwájú wa kọjá. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ yín ní.

Ẹ má jẹ́ kó kó ọ̀rẹ́ sínú ọkọ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti rí i káàkiri àgbáyé pé bí ẹgbẹ́ ọmọ bá ṣe ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ni ewu ìjàǹbá ń pọ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń wà á. Orin á máa dún, ẹnìkan á ní kó yà wọ́n sílẹ̀, ojú á kúrò lọ́nà. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Fóònù náà, inú àpò ni kó wà. Ẹ má tíì fún un ní ọkọ̀ lálẹ́, tàbí nígbà tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun bá kún ìgboro ní oṣù kẹjọ.

Eré sísá ńkọ́? Òfin fi 50 kìlómítà sí wákàtí kan nígboro. Àmọ́ ọ̀nà Gbọ̀ngán máa ń dán ọ̀dọ́ wò. Ẹ sọ fún un pé bó bá kúrò lórí 40 bọ́ sí 80, ìlọ́po mẹ́rin ni ibi tí ọkọ̀ yóò fi rìn lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí epo àti eruku orí títì pò pọ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo táyà, pàápàá tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀: 2219 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 22 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á, torí òun ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Kẹ́ ẹ sì bá a fi 122 sínú fóònù, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni.